Ọ̀kẹ́rẹ́ Jẹ Ọjọ́ Ìyá Rẹ̀ Tán

Àlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ ò dáhùn dáadáa. Òjò ti ń ṣú lápá ọ̀hún, ẹ̀fúùfù sì ń ti ilẹ̀kùn káàkiri agbolé. Bí ẹ bá ń dá mi lóhùn bí ẹni tí kò jẹun, a ò ní parí kí ó tó rọ̀. Àlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ̀n-ẹ́n. Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, kò bà sórí igi, kò bà sórí òkúta, orí ìrù Ọ̀kẹ́rẹ́ ló bà sí. Ṣíjúwadé, jókòó. Ìwọ náà ò yàtọ̀ sí ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí àwọn ẹranko ń dáko, tí wọ́n ń gbé ìlú bí èèyàn, ọ̀rọ̀ kan ń jẹ wọ́n lọ́kàn. Àwọn àgbà wọn ń dàgbà. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bí orúnkún bá kọ iṣẹ́, tí ojú kò ríran mọ́, ta ni yóò pọnmi? Ta ni yóò wẹ arúgbó, tí yóò sì fọ aṣọ tó tọ̀ sí? Ẹni tó bímọ á ní ọmọ òun ni. Ó dára. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ní oko, ó sì ní ọmọ tirẹ̀ lẹ́yìn. Ọ̀yà tọ́jú bàbá rẹ̀ fún ọdún mẹ́rin gbáko. Nígbà tí bàbá yóò fi kú, oko Ọ̀yà ti di igbó, òun fúnra rẹ̀ sì ti gbẹ. Ẹni tí kò wá bímọ ńkọ́? Ìgalà àgbà ṣubú sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ lọ́jọ́ ọjà. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó rí i. Ó ṣì ń mí. Èyí ló ká ìlú lára jù.

Ni wọ́n bá pe ìpàdé. Awó, ẹyẹ tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Kí là ń pariwo lé lórí?" ó ní. "Àwọn bàbá wa ti sọ ọ́. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu."

"Bí wọ́n ti ń sọ ọ́ nìyẹn," Ọ̀yà dá a lóhùn. "Mo fún bàbá mi mu fún ọdún mẹ́rin. Ọmú tèmi ti gbẹ. Kí ni àwọn ọmọ mi yóò mu?"

Ìgbà náà ni Alágẹmọ dìde. Ẹ mọ̀ ọ́n, kì í kánjú. Ojú kan ń wo iwájú, èkejì ń wo ẹ̀yìn.

"Ṣé a kì í ṣe àáró lóko?" ó ní. "Mo bá ọ roko lónìí, o bá mi ro tèmi lọ́la. Ẹ jẹ́ ká ṣe àáró ogbó. Ẹni tó lágbára lónìí, kó lọ fi ọjọ́ kan tọ́jú ẹni tí kò lágbára. Kó gbé oúnjẹ dání. Kó wẹ̀ ẹ́, kó tún ẹní rẹ̀ tẹ́. Ọjọ́ kan tó bá fi sílẹ̀, a ó ju ọmọ ayò kan sínú kèrègbè ilé rẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá kan òun náà, a ó máa yọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnìkan yóò sì máa wá. Ẹni tó ti dùbúlẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo ìlú ni yóò gbé tirẹ̀."

"Kèrègbè ilé ni, àbí ti ẹnìkọ̀ọ̀kan?" Ọ̀yà béèrè.

"Ti ilé ni. Ìyá àti ọmọ kò gbọdọ̀ máa pín ọmọ ayò láàárín ara wọn."

Gbogbo wọn ní ó dára. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ṣì í, ṣùgbọ́n ta ni yóò ro ibi sáàárín ìyá àti ọmọ? Wọ́n so kèrègbè rọ̀ sára igi odán iwájú ilé Alágẹmọ, ilé kan, kèrègbè kan.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀, àwọn méjì péré. Ìyá yìí ti dàgbà, ṣùgbọ́n kò tíì jókòó. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá àáró ogbó sílẹ̀, bó bá ti kan ilé wọn, òun ló ń lọ. Ó ń yí Ìgalà àgbà sọ́tùn-ún, ó ń yí i sósì, ó ń fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n bá ní kó lọ sinmi, á ní: "Orúnkún mi ti ń dún kẹ́kẹ́. Mò ń fi ọjọ́ pa mọ́ de ìgbà tí kò ní gbé mi mọ́." Ọmọ ayò ọgọ́fà ló wà nínú kèrègbè wọn. Òun nìkan ló kó gbogbo rẹ̀ jọ.

Ọ̀kẹ́rẹ́ kò ju ẹyọ kan síbẹ̀ rí. Bí ó bá kàn án lónìí, inú ń run ún. Bí ó bá kàn án lọ́la, ẹ̀gún gún un lẹ́sẹ̀. Kò sì lè dúró lójú kan. Á gun igi yìí, á sọ̀, á gun ìyẹn, á wọ̀tún, á wòsì, ìrù rẹ̀ á máa gbọ̀n pẹ̀pẹ̀. Ká ní eré sísá ni wọ́n fi ń roko ni, òun ni ì bá loko jù nílùú.

Ọdún kan, òjò rọ̀, èpò bolẹ̀. Àkókò oko ríro dé. Ọ̀kẹ́rẹ́ wo ọkọ́, ọkọ́ wo Ọ̀kẹ́rẹ́. Ló bá ń dá inú rò.

"Ọgọ́fà ọjọ́. Ọgọ́fà ọjọ́ tí ẹlòmíràn yóò máa se oúnjẹ wá bá mi níbi tí mo sùn sí. Bí ìyá mi bá sì lọ kú lójijì ńkọ́? Gbogbo rẹ̀ ṣòfò nìyẹn."

Ẹ gbọ́ èrò ọmọ sí ìyá. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń pa àlọ́ yìí, inú ṣì ń bí mi bí mo bá dé ibẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gun ẹ̀ka kan tí kò ga ju orí ewúrẹ́ lọ, ó sì já ara rẹ̀ sílẹ̀ gbì. Ó ní ìbàdí òun ti kán, òun kò mọ ẹsẹ̀ òun lára mọ́. Wọ́n ránṣẹ́ sí Alágẹmọ. Kí Alágẹmọ tó rìn débẹ̀, kíkérora ti sú Ọ̀kẹ́rẹ́, ó ti sinmi lẹ́ẹ̀mejì.

Alágẹmọ ní kí Awó sọ ọ́ lẹ́sẹ̀. Awó fi ẹnu sọ ọ́ ní àtẹ́lẹsẹ̀, kó!

"Ṣé o mọ̀ ọ́n lára?"

"Kí nìyẹn?" ni Ọ̀kẹ́rẹ́ wí. Omijé ń dà lójú rẹ̀.

"Kí ló wá ń pa ọ́ lẹ́kún?"

"Àìmọ̀ ọ́n lára náà ló ń pa mí lẹ́kún, Bàbá."

Alágẹmọ fi ojú kan wò ó, ó fi ojú kejì wo ìyá rẹ̀. "Ìyá, kèrègbè yín ni. Ẹ̀yin lẹ kó ohun tó wà níbẹ̀ jọ. Kí ni ká ṣe?"

Ìyá kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. "Ẹ máa yọ ọ́," ó ní. "Kí ni n ó fi kèrègbè ṣe nígbà tí ọmọ mi kò lè dìde?"

Ọ̀kẹ́rẹ́ gbọ́ ọ. Ó dùn ún díẹ̀ nínú. Ṣùgbọ́n ó dijú, ó sì gbé e mì.

Ọ̀yà ló kọ́kọ́ wá. Ọ̀yà mọ aláìsàn tọ́jú, ọwọ́ rẹ̀ sì le. Ó gbé omi gbígbóná dé, ó fi kànrìnkàn ha Ọ̀kẹ́rẹ́ láti orí dé ẹsẹ̀ títí ara rẹ̀ fi pọ́n. Ọ̀kẹ́rẹ́ fara dà á, ó ń retí oúnjẹ. Ọ̀yà gbé ògì kalẹ̀. Kò sí oyin níbẹ̀, kò sí iyọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀pà díẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹni tí ìbàdí rẹ̀ kán kì í jẹ nǹkan líle. Bí o bá fi húkọ́, egungun á tún yẹ̀. Lanu."

Ó lanu. Ọ̀yà wo ìdí rẹ̀. "Ìrù rẹ ń gbọ̀n."

"Afẹ́fẹ́ ni."

"Afẹ́fẹ́ kọ́. Iṣan ló ń fà á. Bí a kò bá dì í, ìrù náà á kú." Ó mú pákó méjì, ó fi ìrù náà sáàárín wọn, ó sì fi okùn dì í gbagidi.

Èyí tó tún wá burú jù ni òfin àáró ogbó. Wọ́n ní ẹni tí kò lè dìde kì í dá wà. Bí Ọ̀yà bá lọ, Awó a dé. Awó a jókòó sẹ́nu ọ̀nà, a máa ròyìn ẹyin tó yé, èyí tó pa, èyí tó bàjẹ́, láti àárọ̀ títí òòrùn fi máa wọ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ yìí, tí kì í dúró lójú kan jẹ ẹ̀pà tán, ló wá dùbúlẹ̀ gbalaja bí igi. Èèrà gun imú rẹ̀. Èèrà náà dúró, ó rò ó, ó yí padà, ó tún gun ún. Ọ̀kẹ́rẹ́ kò lè yún imú. Gbogbo iṣan ara rẹ̀ ń sáré, òun nìkan ni kò lè sáré tẹ̀ lé wọn.

Ní ìrọ̀lẹ́, ìyá rẹ̀ á ti oko dé. Òun ló wá ń ro oko náà báyìí. Á fi ọkọ́ sílẹ̀, á bu àdín sọ́wọ́, á máa fi ra ọmọ rẹ̀ ní àtẹ́lẹsẹ̀, á máa kọrin. Ẹ gbè é, kí oorun lè dá lójú yín.

Ọmọ mi, dìde o,
*Kẹ́rẹ́jà.*
Ẹsẹ̀ rẹ kò kú o,
*Kẹ́rẹ́jà.*
Mo pọ̀n ọ́ lẹ́yìn rí,
*Kẹ́rẹ́jà.*
Bí o kò bá lè rìn,
*Kẹ́rẹ́jà.*
Ẹ̀yìn mi ṣì wà o,
*Kẹ́rẹ́jà.*

Lójoojúmọ́ ni Alágẹmọ ń yọ ọmọ ayò kan. Ọgọ́rùn-ún kù. Ọgọ́rin kù. Ogójì kù. Ọ̀kẹ́rẹ́ lè dìde. Lójúmọ́ kan ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde. Ó rí ìyá rẹ̀ láti ojú fèrèsé, tó ń ti oko bọ̀, tó dúró lójú ọ̀nà, tó fi ọwọ́ méjèèjì di orúnkún mú, tó sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ kó tó tún rìn. Ọ̀kẹ́rẹ́ rí i. Ó yí ojú sí ògiri. Ó ní bí òun bá dìde lẹ́ẹ̀kan náà, àṣírí á tú. Ó ní kí òun ṣe é díẹ̀díẹ̀. Ó ní ó di ọ̀la. Ẹ̀yin àgbà tó jókòó síbí náà mọ "ó di ọ̀la" yẹn dáadáa.

Ó ku ọmọ ayò mẹ́ta nígbà tí ẹyìn pọ́n lórí ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé wọn. Òórùn rẹ̀ wọlé wá. Ọ̀kẹ́rẹ́ ti mu ògì fún oṣù mẹ́rin ó dín díẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Awó ní òun ń lọ wo ẹyin òun, òun kò ní pẹ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kẹ́yìn ni, Ọ̀kẹ́rẹ́ ti bá ojú fèrèsé jáde. Ó gun ọ̀pẹ. Pákó ìrù rẹ̀ ń lu ara igi, kọ̀, kọ̀, kọ̀. Ó jẹ ẹyìn títí epo fi dé etí rẹ̀, ó ń ju èkùrọ́ àti háhá sílẹ̀ láìwẹ̀yìn.

Ìyá ti odò dé pẹ̀lú omi tí wọn yóò fi wẹ̀ ẹ́. Ó wo orí ẹní, kò rí ẹnìkan. Ìkòkò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ tí kò lè rìn, ta ló gbé e? Ìyá arúgbó yìí sáré. Kò sáré láti ọdún mẹ́wàá. Ó sáré yí ilé po, ó ń pe orúkọ rẹ̀. Nígbà tó dé ẹ̀yìnkùlé, ó gbọ́ kọ̀, kọ̀, kọ̀ lókè. Ó gbójú sókè, ó sì rí ọmọ rẹ̀. Ibi tó ti ń wòkè ló ti tẹ èkùrọ́, ẹsẹ̀ yọ̀, ó sì fi ìbàdí ṣubú.

Ọ̀kẹ́rẹ́ wò ó láti orí ọ̀pẹ. Òun náà mọ bí a ti í ṣubú irọ́. Ó dúró kí ìyá rẹ̀ dìde. Kò dìde.

Ariwo kó gbogbo ìlú jọ. Wọ́n bá ìyá nílẹ̀, wọ́n bá ọmọ lórí ọ̀pẹ pẹ̀lú epo lẹ́nu àti pákó nídìí. Kò sí àlàyé tí ẹnikẹ́ni tún ní láti ṣe. Ọ̀yà tẹjú mọ́ Ọ̀kẹ́rẹ́ títí.

"Mo fi omi gbígbóná wẹ irọ́," ó ní. "Mo fi èpò sílẹ̀ lóko mi, mo wá ń fún irọ́ lógì."

Alágẹmọ ní kí wọ́n gbé kèrègbè ilé náà wá. Ó dojú rẹ̀ dé. Ọmọ ayò mẹ́ta ló já sílẹ̀.

"Ọjọ́ mẹ́ta ni a ó wá," ó ní.

"Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?" Ọ̀yà bi í. "Obìnrin yìí ló wẹ Ìgalà títí tó fi kú. Gbogbo wa la mọ̀."

"Mo mọ̀. Ó dùn mí ju bó ti dùn ọ́ lọ. Ṣùgbọ́n àgbà mẹ́jọ ló wà nílẹ̀ nílùú yìí lónìí tí ọjọ́ wọn wà nínú kèrègbè. Èwo nínú wọn ni kí n lọ bá, kí n sọ pé mo ti fi ọjọ́ rẹ̀ tọrẹ? Ilé yìí ti jẹ tirẹ̀. Ìyá lọ́mọ. Ara ọmọ náà sì le, gbogbo wa la rí bó ṣe gun ọ̀pẹ."

Wọ́n wá fún ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n ṣe é dáadáa, wọn kò rẹ́ ẹ jẹ. Lọ́jọ́ kẹrin, ilẹ̀ mọ́, kò sẹ́ni tó wá.

Ọ̀kẹ́rẹ́ dá iná. Omi àkọ́kọ́ gbóná jù, èkejì tutù. Ó yí ìyá rẹ̀ sọ́tùn-ún láàárọ̀, ó yí i sósì lọ́sàn-án, ó tún yí i kí òòrùn tó wọ̀. Láàárín ìwọ̀nyẹn, ó ń sáré lọ wo oko. Kò tíì mú ọkọ́ kan ilẹ̀ tí á gbọ́ ohùn kékeré láti inú ilé.

"Ọmọ, ìtọ̀ ń gbọ̀n mí."

Á sáré padà. Á tún lọ. Á gun igi dé àárín.

"Ọmọ, ẹ̀gbẹ́ yìí ń ta mí."

Á sọ̀ kalẹ̀. Èpò gba oko, ẹyìn jẹrà lórí ọ̀pẹ. Ẹni tí kì í dúró lójú kan kò rí ibì kankan lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò rí ibi jókòó sí. Orin tí ìyá rẹ̀ ń kọ fún un ló wá ń kọ fún ìyá, ó ń fi àdín ra á lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ìyá kò gbọ́ orin.

Lọ́jọ́ kan, ó bi í. "Ìyá, ṣé ẹ kò bínú sí mi ni?"

"Mò ń bínú," ìyá rẹ̀ wí. "Ṣùgbọ́n n kò lè máa bá ọ jà kí n tún máa pè ọ́ pé kí o wá gbé mi. Ọ̀kan ni agbára mi ká. Yí mi sósì."

Ó yí i sósì. Ó jáde síta, ó sunkún. Ẹkún tòótọ́ ni lọ́tẹ̀ yìí, kò sì sí ẹni tó sọ ọ́ lẹ́sẹ̀.

Ọdún méjì ló fi ṣe é. Nígbà tí ìyá kú, Ọ̀yà wá bá a wẹ òkú. Ó yí òkú náà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, bóyá yóò rí egbò ìdùbúlẹ̀. Kò rí ọ̀kan. Ó kàn gbé ọwọ́ lé Ọ̀kẹ́rẹ́ léjìká, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ.

Nígbà tí wọ́n sìnkú tán, Ọ̀kẹ́rẹ́ lọ bá Alágẹmọ lábẹ́ odán. Irun imú rẹ̀ ti ń funfun.

"Bàbá," ó ní, "ọdún méjì ni mo fi tọ́jú arúgbó. N kò pa ọjọ́ kan jẹ. Mo bẹ̀ yín, ẹ bá mi ju ọmọ ayò rẹ̀ sínú kèrègbè. Èmi nìkan ló kù nílé wa, ara mi ò sì gbà mí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́."

Alágẹmọ kó ojú rẹ̀ méjèèjì jọ, ó fi wo Ọ̀kẹ́rẹ́ nìkan. Àánú rẹ̀ ń ṣe é.

"Ọmọ, ìyẹn kì í ṣe àáró," ó ní. "Ìyá rẹ ti san ti ọdún méjì yẹn kí o tó hu eyín."

Ọ̀kẹ́rẹ́ ti ọwọ́ bọ kèrègbè ilé wọn, ọwọ́ rẹ̀ kan ìdí. Ló bá yí padà, ó sì sáré gba ilé Ọ̀bọ àgbà lọ, nítorí wọ́n ní àgbà náà kò tíì rí ẹni bu omi fún un láti àárọ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti sinmi mọ́. Bí ẹ bá rí i lórí ẹ̀ka, tó sáré lọ, tó sáré bọ̀, tó ń wẹ̀yìn bí ẹni tí ilẹ̀ fẹ́ ṣú mọ́, ẹ má rò pé eré ló ń ṣe. Ọjọ́ ló ń wá.

Ìdí àlọ́ mi rèé. Ogbó kì í ránṣẹ́ kó tó wọlé. Ẹni tí ara rẹ̀ le, kó ti máa fi ọjọ́ pa mọ́ de ìgbà tí kò ní le mọ́, kó má sì jẹ èyí tí ẹlòmíràn fi orúnkún tó ń dun ún kó jọ. Bí mo bá fi irọ́ kan lé e, kí eyín mẹ́ta tó kù lẹ́nu mi gba ọ̀nà tiwọn lọ.

Ó tó. Ẹ dìde. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ń bẹ nínú ilé, kó lọ bi í bóyá ó fẹ́ yí ẹ̀gbẹ́ padà.